Ọ̀bẹ Àlàmú Ẹ̀ẹ̀kan

Láàárọ̀, ọwọ́ ọ̀tún Àlàmú ló máa ń kọ́kọ́ jí, ìrora ló sì ń jí i. Kí ládàánì tó pe ìrun, ọrùn ọwọ́ náà á ti wú, àwọn ìka á ti le bí igi. Á jókòó sí etí ibùsùn, á máa fi ọwọ́ òsì ra ọ̀tún títí á fi lè di bùtá mú láti ṣe àlùwàlá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ mọ̀, nítorí òun ló ń bá a fi òróró pa á, ṣùgbọ́n òun náà kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún kẹrìnlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣe alápatà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ilé rẹ̀, ọjà Akẹ̀sán ni tábìlì ẹran rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹran títà ló sọ ọ́ di ẹni tí èèyàn mọ̀. Dídúńbú ni. Bí ìgbéyàwó nikai bá wà níbì kan, tàbí ìkómọ, tí màlúù sì wà nílẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n lọ pe Ẹ̀ẹ̀kan. Orúkọ tí ọjà sọ ọ́ nìyẹn, nítorí bó bá ti fi ọ̀bẹ lé ọrùn ẹran, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ọ̀bẹ á lọ, á bọ̀, ó tán. Kò ní kúrò lọ́rùn ẹran kí iṣẹ́ tó parí.

Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rò pé fáàrí lásán ni. Kì í ṣe fáàrí. Bí àwọn àfáà ṣe kọ́ wọn ni pé ẹni tó ń dúńbú kò gbọdọ̀ gbé ọwọ́ kúrò láìtíì gé ohun tó yẹ kó gé. Bó bá gbé e, tó wá jáfara kó tó dá a padà, ẹran náà ti bàjẹ́ fún Mùsùlùmí, kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́ mọ́. Odidi màlúù tí àwọn ẹbí kó ara wọn jọ rà, á wá di ti ajá. Nítorí náà, ọ̀bẹ tí kò mú lè tú ìnáwó ká, ó sì lè ba orúkọ alápatà jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ọ̀bẹ Àlàmú kò tíì dójú tì í rí. Alágbẹ̀dẹ kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó ti di olóògbé báyìí, ló fi sípíríìnì lọ́rì rọ ọ́ fún un. Nígbà tó wà ní tuntun, ó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Pípọ́n ti jẹ ẹ́ títí ó fi ku ìka méjì péré, ṣùgbọ́n gígùn rẹ̀ kò dín: láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ ni. Kò sẹ́ni tó kọ́ Àlàmú bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn. Ọ̀gá tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kò mọ̀ ju "Pọ́n ọn kó mú" lọ. Ojú ara rẹ̀ ni Àlàmú fi wò ó. Ó kíyè sí i pé bí èèyàn bá gbé ẹnu ọ̀bẹ sókè síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ọ̀bẹ tí kò mú á máa dán ní ẹnu, nítorí ìmọ́lẹ̀ rí ibi jókòó sí. Ọ̀bẹ tó mú kì í dán rárá. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín débi pé ìmọ́lẹ̀ á yọ̀ kọjá. Ọdún kẹta tó dé ẹnu iṣẹ́ ló rí èyí, inú rẹ̀ sì dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni pé ó rí owó he.

Ó tún mọ ti èékánná. Á gbé ẹnu ọ̀bẹ lé èékánná àtàǹpàkò òsì, kò ní tẹ̀ ẹ́. Bí ọ̀bẹ bá di èékánná mú, ó mú nìyẹn. Bó bá ń yọ̀, kó padà sórí òkúta.

Òkúta yìí gan-an ni ọwọ́ kò fẹ́ mọ́. Láti pọ́n ọ̀bẹ ìdúńbú dáadáa, ó tó wákàtí kan: ìgbà ogójì ní ẹ̀gbẹ́ kan, ogójì ní ìkejì, omi díẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ dúró gírígírí kí ìdagun ọ̀bẹ, bó ṣe dẹ̀gbẹ́ sórí òkúta, má yí padà. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú nikai Bushrah, ọmọ àbúrò rẹ̀, Àlàmú jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ pẹ̀lú òkúta àti abọ́ omi. Kò tíì ka ogún nígbà tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣàdéédéé yẹ̀, tí ẹnu ọ̀bẹ fi ha òkúta bí èékánná ológbò.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Bàbá Dámilọ́lá, ẹ gbé e fún Hafeez ọmọṣẹ́ yín."

"Gbé kí ni fún Hafeez?"

"Ẹ mọ ohun tí mo ń wí."

Ó mọ̀ ọ́n. Ó fi aṣọ nu ọ̀bẹ, ó ká a sínú bébà ìròyìn, ó sì tì í sínú àpò.

Bushrah ni ọmọ Mọ̀ríámọ̀, àbúrò Àlàmú tó wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni Mọ̀ríámọ̀ ti ń pè é lórí fóònù.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ̀ ń bọ̀ ṣá?"

"Bí mi ò bá wá, ta ló fẹ́ dúńbú ẹ̀?"

"Hafeez wà ńbí o. Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń pè é báyìí."

"Hafeez tó ń gé ẹran bí ẹni ń la igi?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ ọ o!" Mọ̀ríámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣá máa bọ̀. Bushrah ní bí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n ìyá òun ló dúńbú, òun ò lọ sílé ọkọ."

Ọdún méje ni Hafeez fi kọ́ṣẹ́ lábẹ́ Àlàmú kó tó gba òmìnira, tó sì kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti di baba ọmọ mẹ́ta, ó ní tábìlì tirẹ̀, ó sì tún ní alùpùpù pupa kan tó ń fi kó ẹran. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Àlàmú mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ jáde lẹ́nu rí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, Àlàmú wọ mọ́tò. Mẹ́rin ni wọ́n há sẹ́yìn, ọ̀nà kò dára, gbogbo kòtò ló ń bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó jókòó tì í kò yé yíra padà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú àpò yín tó ń gún mi níhàá?"

"Ọ̀bẹ ni."

"Ọ̀bẹ irú èwo?"

"Ti màlúù."

Ọkùnrin náà sún mọ́ ilẹ̀kùn títí Àlàmú fi rí àyè na ẹsẹ̀. Ìtura kan ṣoṣo tó rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Kò lọ tààrà sílé àbúrò rẹ̀. Sábó, nínú Ògbómọ̀ṣọ́ kan náà, ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níbẹ̀, Mubaraq, tó gbé ẹ̀rọ ìpọ́nbẹ kalẹ̀: òkúta roboto kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí, lábẹ́ agbòòrùn ńlá. Àwọn tó ń ta súyà níbẹ̀ ni oníbàárà rẹ̀, àti àwọn aránṣọ tó ń kó sísọ́ọ̀sì wá. Láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ọwọ́ ẹlòmíràn kò kan ẹnu ọ̀bẹ yìí rí. Àlàmú dúró ní òdìkejì títì fún ìgbà díẹ̀ kó tó sọdá.

Mubaraq gba ọ̀bẹ náà, ó tú bébà, ó sì súfèé.

"Bàbá, èyí kì í ṣe ọ̀bẹ ọjà o. Ta ló rọ ọ́?"

"Ẹni tó rọ ọ́ ti kú."

"Kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Ẹ jókòó. Ó máa pẹ́ díẹ̀ o. Mo ní láti máa kì í bọ omi lemọ́lemọ́, kó má bàa gbóná."

Abọ́ omi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà lóòótọ́, omi rẹ̀ ti dúdú fún eruku irin. Àlàmú jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó kọjú sí ògiri, ó kọ ẹ̀yìn sí títì, bí ẹni tó wá ya ìgbẹ́ sí ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Mubaraq á fa ọ̀bẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, á kì í bọ omi, omi á dún ṣìì. Á tún fà á. Iṣẹ́ gidi ni. Láti ibi èèkù ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀, Àlàmú sì ń wò ó láti igun ojú, inú rẹ̀ sì ń dùn sí bí ọmọ náà ṣe di ìdagun mú láìyẹ̀.

Ó kù díẹ̀ kó dé ìdajì ni Àlàmú gbọ́ tí ẹnì kan pariwo lójú títì:

"Hafeez alápatà! Ṣé màlúù ọ̀la ti dé?"

"Ó ti dé! Ọ̀gá mi náà ń bọ̀!"

Àlàmú yíjú díẹ̀, ó rí alùpùpù pupa náà tó dúró ní òdìkejì, níbi tí wọ́n ti ń ta okùn. Ó fa fìlà bojú bí olè.  Ẹ̀ẹ̀kan, ní Sábó, tó ń gbé ọ̀bẹ fún ẹlẹ́rọ!

"Yára, ọmọ," ó wí.

"Bàbá, mo ti dé ìdajì."

"Fi omi yẹn sílẹ̀. Fà á lọ kó parí."

"Irin máa gbó—"

"Mo ní kí o yára!"

Mubaraq wò ó. Àgbà ni, ọmọlúàbí kì í bá àgbà jiyàn. Ó gbé èjìká, ó tẹ ọ̀bẹ mọ́ òkúta, ó sì fa ìdajì tó kù láìkì í bọ omi mọ́. Iná fọ́n jáde bí èyí tó ń tú lẹ́nu ààrò. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Alùpùpù pupa náà lọ. Àlàmú gba ọ̀bẹ, ó fi kan irun apá òsì rẹ̀. Irun náà já lulẹ̀ bí ẹni fi abẹ fá a. Ó fá a lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe mú tó yìí, láìsí ìrora kankan! Inú rẹ̀ dùn, ojú sì tì í pé inú rẹ̀ dùn. Ó ká a sínú bébà láìgbé e sí ìmọ́lẹ̀ wò.

Nígbà tó dé ilé Mọ̀ríámọ̀, àwọn obìnrin ti kún àgbàlá, wọ́n ń gé àlùbọ́sà, ojú gbogbo wọn ń ṣomi. Bushrah kúnlẹ̀, ó dì mọ́ orúnkún rẹ̀. Hafeez náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ̀ẹ̀kan! Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bó awọ àti ọ̀bẹ ẹran nìkan ni mo kó wá o. Mi ò mú ọ̀bẹ ìdúńbú kankan."

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Níbi tí Ẹ̀ẹ̀kan bá wà, alápatà mìíràn kì í mú ọ̀bẹ ìdúńbú wá, kó má dà bíi pé ó ń retí kí ọwọ́ àgbà yẹ̀.

"Ẹ jẹ́ n wo tiyín, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i."

"Fi í sílẹ̀. Ọ̀bẹ kì í ṣe ìyàwó tuntun tí wọ́n ń ṣí lójú wò."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Hafeez náà rẹ́rìn-ín. Àlàmú ní ó rẹ òun, ó lọ dùbúlẹ̀. Òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn ìrun Súbúì, wọ́n ti dá màlúù dúbúlẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ti kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Àfáà àdúgbò jókòó sórí àga oníke, ó ń ka tẹ̀súbáà. Àwọn àna ti rán èèyàn márùn-ún wá láti wá wo bí ó ti ń lọ. Àlàmú mú àpò rẹ̀, ó yà sẹ́yìn ilé, nítorí wọn kì í mú ẹnu ọ̀bẹ yọ níwájú ẹran tó fẹ́ kú. Ìwà àánú ni. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ògiri àti gálọ́ọ̀nù omi mẹ́ta.

Ó yọ bẹ́líìtì awọ àtijọ́ kan tó máa ń fi dan ẹnu ọ̀bẹ kẹ́yìn. Ìgbà márùn-ún síhìn-ín, márùn-ún sọ́hùn-ún, bó ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọ̀bẹ lé èékánná àtàǹpàkò.

Ní ìdí ọ̀bẹ, nítòsí èèkù, ó di èékánná mú. Ó sún un síwájú. Nígbà tó kọjá ìdajì, ọ̀bẹ yọ̀.

Ó tún un gbé. Ó tún yọ̀.

Ó gbé ẹnu ọ̀bẹ síbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń gba orí òrùlé wọlé. Ìdajì tó wà ní ìdí kò dán. Ìdajì tó wà níwájú ń dán láti ibẹ̀ lọ dé ṣóńṣó, ìlà funfun kan. Nígbà tó yí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rí ohun tí kò wò lánàá: àwọ̀ kan wà lára irin náà, aró pẹ̀lú elésè àlùkò, tó ń yí padà bí ọrùn ẹyẹlé.

Ó jókòó sórí gálọ́ọ̀nù. Kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ láti mọ̀. Iná ló ń fún irin lágbára lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, iná tí kò létò ló sì ń gbà á padà. Níbi tó ti gbóná débi pé ó pa àwọ̀ dà, irin ti rọ̀. Ohun tó fá irun lánàá kì í ṣe ẹnu ọ̀bẹ. Fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ irin kan ni, tó fara sí ẹ̀gbẹ́, tí bẹ́líìtì ti wá tẹ̀ dànù. Bí Mubaraq bá ti ń kì í bọ omi ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà sì sọ fún un.

Ó yọ òkúta kékeré inú àpò rẹ̀, ó da omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Iwájú ọ̀bẹ ń wọ́ lórí òkúta bí ṣíbí. Ẹnu á yọ, á tún pòórá. Nígbà kẹẹ̀ẹ́dógún tó fà á, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀ bíi ti Ọjọ́bọ̀, òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó já sórí símẹ́ńtì.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀. Hafeez ni.

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè, sà. Àfáà ní kí n…" Ó rí òkúta nílẹ̀. Ó rí ọwọ́ tó wú. Ó wá rí ọ̀bẹ, ojú rẹ̀ sì dúró síbi àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé náà. Alápatà ni, kò béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí sí i?" ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ṣé Mubaraq ará Sábó yẹn? Mà á lọ fọ́ ẹ̀rọ ẹ̀!"

"Má fọ́ nǹkan kan. Ó ní òun máa kì í bọ omi. Èmi ni mo ní kó yára."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ní kó yára?"

 Ó ti rẹ Àlàmú láti máa pa irọ́ tí kò tilẹ̀ sọ lẹ́nu.

"Mo rí alùpùpù rẹ," ó wí.

 Hafeez lóṣòó síwájú ọ̀gá rẹ̀, ó mú òkúta nílẹ̀, ó fi ẹ̀wù nu iyanrìn ara rẹ̀. Láti iwájú ilé, ohùn Mọ̀ríámọ̀ dé etí wọn: "Ẹ̀yin alápatà, ṣé ẹ ti sá lọ ni? Àwọn àna ń wo aago o!"

"Ó kù díẹ̀!" Hafeez pariwo padà. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Ẹ jẹ́ n sáré lọ mú tèmi nílé."

"Nílé rẹ ní Tákìẹ́ lọ́hùn-ún? Kí o lọ, kí o bọ̀, kí wọ́n sì bi ọ́ léèrè ohun tí o lọ mú? Ẹran ti wà ní dídè nílẹ̀ láti àárọ̀, ara ń ni ín. Ìdí ọ̀bẹ yìí ṣì wà láàyè. Wò ó." Ó fi ìka hàn án. "Láti èèkù dé ibí yìí. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó tó, fún ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bá le."

Bó ti sọ ọ́ tán ni ó gbọ́ ohun tó sọ.

Ó lè gbìyànjú rẹ̀. Bóyá ọwọ́ á gbà. Ìdajì ọ̀bẹ fẹ́ kí èèyàn tẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po méjì, kó lọ kó bọ̀ ní kúkúrú, láìgbé e. Bí ọrùn ọwọ́ bá yẹ̀ láàárín, bó ti yẹ̀ nísinsìnyí, ọ̀bẹ á kúrò, màlúù á máa jà, ẹ̀jẹ̀ á máa dà, Àfáà á sì dìde lórí àga oníke rẹ̀ láti sọ pé ẹran kò ṣeé jẹ. Níwájú àwọn àna. Lọ́jọ́ Bushrah. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, bí ẹni ń wo ẹran tí kò dá a lójú bóyá kó rà.

"Pọ́n ọn," ó wí fún Hafeez. "Ìdí rẹ̀ nìkan. Má dé ibi àwọ̀ yẹn."

Hafeez bẹ̀rẹ̀.

"O ń tẹ̀ ẹ́. Má tẹ̀ ẹ́. Ìwúwo ọ̀bẹ tó o. Gbọ́ ohùn rẹ̀: nígbà tó bá ń han, kò tíì dé, nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ó ti dé."

"Ọdún méje, ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"Ìwọ náà ò béèrè. O máa ń kánjú láti gé nǹkan."

Hafeez rẹ́rìn-ín sínú, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ọwọ́ tó dúró ṣinṣin ni. Ìdagun kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tó, Àlàmú gba ọ̀bẹ, ó gbé ìdí rẹ̀ lé èékánná. Ó dì í mú bí ẹnu ọmọ ṣe ń di ọmú mú. Ó gbé e sí oòrùn: ìdí rẹ̀ kò dán.

Ó di èèkù mú fún ìgbà kan sí i. Lẹ́yìn náà, ó yí i padà, ó na èèkù sí Hafeez.

"Sà?"

"Ibi tó ti ń dán bí ọrùn ẹyẹlé, kò gbọdọ̀ kan ẹran. Ìdí rẹ̀ ni kó ṣiṣẹ́. Má gbé e."

"Bàbá, ẹ̀yin ni wọ́n pè."

"Mo mọ ẹni tí wọ́n pè. Fi í pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, kí ẹran má rí i. Jẹ́ ká lọ."

Nígbà tí wọ́n jáde, gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ Àlàmú, wọ́n sì rí i pé òfo ni. Ó kí Àfáà, ó kí àwọn àna, ó wá dúró níwájú wọn.

"Ẹ má bínú pé a pẹ́," ó wí. "Ọwọ́ mi yìí ń yọ mí lẹ́nu, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lánàá, mo gbé ọ̀bẹ lọ síbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ pọ́n ọn, mo sì mú onítọ̀hún kánjú, ó bà á jẹ́ ní ìdajì. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Hafeez ló máa dúńbú. Èmi á di orí mú fún un."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ díẹ̀ dìde. Ọ̀kan nínú àwọn àna ní, "Ṣé ìdajì ọ̀bẹ náà la fẹ́ fi ṣe é?"  Àfáà ló béèrè ohun tó yẹ kó béèrè.

"Ṣé ó mú?"

"Ibi tó máa lò mú, Àfáà."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ dá ọ lójú?"

Àlàmú wo Hafeez, tí òógùn ti bò níwájú orí.

"Ó dá mi lójú ju tèmi lọ," ó wí. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ti sọ ọ́ jáde.

Ó kúnlẹ̀ síbi orí màlúù, ó fi ọwọ́ òsì di ìwo mú, ó fi orúnkún ti àgbọ̀n rẹ̀. Èémí ẹran náà gbóná lára itan rẹ̀. Hafeez kúnlẹ̀, ó sọ pé "Bísímiláì, Àláàù Àkíbárù", ọ̀bẹ sì yọ lábẹ́ ẹ̀wù. Àlàmú kò wo ẹ̀jẹ̀. Ibi tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló tẹjú mọ́. Ọ̀bẹ lọ, ó bọ̀, ó lọ, kúkúrú-kúkúrú. Ọrùn ọwọ́ ọmọ náà yọ iṣan, kò sì yẹ̀. Àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé kò kan awọ. Ọ̀bẹ kò kúrò. Lẹ́yìn náà, ìwo tó wà lọ́wọ́ Àlàmú rọ̀, ó sì mọ̀ pé ó tán.

"Ẹ̀ẹ̀kan!" ẹnì kan kígbe láàárín èrò.

Àlàmú gbórí sókè láti dáhùn, bó ti máa ń ṣe. Ó wá rí i pé Hafeez ni wọ́n ń wò. Ó tẹ orí ba, ó sì ń bá a lọ láti di ìwo náà mú títí ẹran fi dákẹ́ pátápátá, nítorí iṣẹ́ ẹni tó di orí mú nìyẹn.

Àfáà ní, "Alámùdùlílà, ó dára." Mọ̀ríámọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pẹ̀lú agbada lórí. Ó dúró díẹ̀. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi pé ọwọ́ ń dùn yín?" Kò dúró gba èsì, ó lọ bu omi gbígbóná wá fún un nínú ike, pé kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ọwọ́ nínú omi, nígbà tí Hafeez ń bó màlúù, tí ó ń ya ẹran sọ́tọ̀ ní oríkèé-oríkèé, tí kò la ẹyọ egungun kan bí igi.

Lọ́jọ́ Àìkú, bó ti ń padà sí Ọ̀yọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ní Sábó. Mubaraq rí i láti òkèèrè.

"Bàbá! Ṣé ọ̀bẹ gé?"

"Ó gé."

"Mo sọ fún un yín! Lẹ́ẹ̀kan?"

"Lẹ́ẹ̀kan. Kì í ṣe lọ́wọ́ mi." Ó tú bébà, ó fi ibi àwọ̀ náà hàn án. Ojú Mubaraq yí padà.

"Ah. Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kì í bọ omi, ẹ̀yin lẹ—"

"Èmi ni. Fetí sílẹ̀: ẹni yòówù kó ní kí o yára, bó ṣe ọba ló jẹ́, kọ́kọ́ ki irin bọ omi kí o tó dá a lóhùn." Ó na ọ̀bẹ sí i. "Gé iwájú yẹn kúrò níbi tí àwọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Kí o wá yí orí rẹ̀ bí ti ọ̀bẹ orí tábìlì."

"Ó máa kúrú o."

"Kó kúrú. Màlúù ti bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ẹran ọbẹ̀ ló kù tó máa gé."

"Ó máa pẹ́."

"Mo gbọ́."

Mubaraq da omi dúdú náà nù, ó bu omi tuntun sínú abọ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àlàmú fa bẹ́ǹṣì náà, ó yí i padà, ó jókòó kọjú sí títì. Oòrùn ń mú. Ọrùn ọwọ́ ń dùn ún bíi ti àtẹ̀yìnwá. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbọ́ omi tó ń dún ṣìì, dákẹ́, ṣìì. Alùpùpù pupa kan yọ láti ọ̀nà ọjà pẹ̀lú agbọ̀n ẹran lẹ́yìn, ẹni tó gùn ún sì tẹ fèrè nígbà tó rí i.

Àlàmú gbé ọwọ́ tó wú náà sókè, ó jùwọ́ sí i.